Ọjọ́ Tí A Rẹ́ Ilé De Mùsé Cyprien

Ẹwà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá ní Sakété. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi á ní, "Ìyá ti tún bẹ̀rẹ̀." Àmọ́ òótọ́ ni. Kì í ṣe ebi, kì í ṣe àrùn. Ẹwà ni, ẹwà tí a fi ọwọ́ ara wa pò, tí a fi ọwọ́ ara wa rẹ́ mọ́ ògiri. N ó rò ó bó ṣe rí, n ó sì kọrin níbi tí orin bá wà nínú rẹ̀, torí ìtàn gbígbẹ máa ń há mi lọ́fun.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Dàhòmì nígbà náà. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Àgọ́ Ojú-Irin là ń gbé, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀ ti máa ń fọn fèrè kó tó dúró, kó tó tún gbéra lọ sí Pobè. Ilé amọ̀ la ní, koríko la fi bò ó. Òjò ọdún tó ṣáájú ti jẹ ìdí ògiri wa bí eku ṣe ń jẹ àgbàdo. Ihò kan wà lára ilé tèmi tí àwọn adìẹ ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde, wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀nà ilẹ̀kùn mọ́. Ti Sẹ̀gilọlá ló wá burú jù. Opó ni. Fádèyí ọkọ rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ nígbà tó lọ kọ ẹyìn, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un, èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì ń mu ọmú. Ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ti là láti òkè délẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Igi ló fi tì í. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń kọjá, yóò kó àwọn ọmọ síta, yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi gbọ̀n tán, kó tó dá wọn padà sórí ẹní.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, kọ̀mándà, olórí ìjọba ní Sakété, ní kí wọ́n kéde lọ́jà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ọkùnrin náà, kò sí òyìnbó lórí àga yẹn mọ́, àmọ́ kọ̀mándà là ń pè é síbẹ̀, ẹnu wa ò tíì gbọ́ pé òmìnira ti dé. Ó ní ẹ̀ta iná ń ti inú ọkọ̀ ojú irin fò sórí koríko ilé wa, pé iná yóò jó gbogbo wa lọ́jọ́ kan. Kò purọ́, ó ti jó ilé kan rí. Torí náà, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ilé koríko kankan kò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin mọ́. Ilẹ̀ wà lọ́nà Takon tí wọ́n ti wọ̀n. Ẹni tó bá wù, kó lọ kọ́lé síbẹ̀, àmọ́ sìmá, ìyẹn sìmẹ́ǹtì, ni yóò fi kọ́ ọ, páànù ni yóò fi bò ó.

Sìmá kẹ̀. Àwa tí à ń ra iyọ̀ ní ṣíbí ṣíbí.

Ọmọ àdúgbò wa kan wà tó ń jẹ́ Séverin. Òun ló ń wọn ẹkùrọ́ ní ìdíkọ̀, ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Gùn. Òun ló wá sọ fún wa pé ìjọba ní Kútọnu fẹ́ máa kọ́ ilé kéékèèké fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ lásìkò ẹyìn. Àmọ́ òfin wà níbẹ̀. Ẹnì kan láti Kútọnu gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Bó bá rí i bẹ́ẹ̀, àdúgbò yẹn yóò gba ilé. Bí kò bá rí i bẹ́ẹ̀, kí kálukú di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Séverin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fún wa. Ó lọ bá kọ̀mándà, kọ̀mándà ní ọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́ ni. Ó dé Àjàṣẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ Kútọnu ni. Ó dé Kútọnu, wọ́n ní kó lọ gba ẹnu kọ̀mándà rẹ̀ wá. Ó padà wá, kọ̀mándà ní ṣé òun ò ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́ ni. Nígbà tó sọ èyí fún wa, a ò mọ̀ bóyá ká sunkún, ni mo bá dá orin sílẹ̀:

*Mo dé Sakété, wọ́n ní n lọ Àjàṣẹ́,*
*Mo dé Àjàṣẹ́, wọ́n ní n lọ Kútọnu,*
*Mo dé Kútọnu, wọ́n ní ṣé mo ti dé Sakété.*
*Bàtà ẹsẹ̀ mi nìkan ló mọ ibi tílé mi wà.*

"Tàǹtí Tóyìn," Séverin ní, "ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Bàtà ọ̀hún gan-an ti já."

Àmọ́ kò dẹ́kun. Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ti ń lọ tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ, ó sáré wọ àdúgbò. Ó ní wọ́n ti gbà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Mùsé Cyprien, ọ̀gá kan ní bírò ìjọba, ń bọ̀ láti Kútọnu. Òun ń lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ pàdé rẹ̀, àwọn yóò jọ wọ ọkọ̀ bọ̀ lọ́tùn-únla. "Ilé wa ló fẹ́ wá wò," ó ní, ó sì ti padà síbi ọkọ̀ kí a tó rí nǹkan kan bi í.

Olórí obìnrin àdúgbò wa ni Èjìdé, àbúrò bàbá Fádèyí. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n dìde dúró, wọ́n tún ìró wọn ró.

"Àlejò láti Kútọnu," wọ́n ní. "Kò sí oko fún obìnrin kankan lọ́la. Amọ̀ ni."

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Nílẹ̀ wa, a kì í gba àlejò sínú ilé tí a ò rẹ́. Àna tó bá wá kí ọ, tó bá ògiri rẹ tó ti ṣí, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti yí padà, yóò lọ máa rò ó kiri pé o ò ka òun sí. Rírẹ́ ilé, iṣẹ́ obìnrin ni, àwa obìnrin Àgọ́ Ojú-Irin la sì mọ̀ ọ́n rẹ́ jù.

Sẹ̀gilọlá nìkan ló sọ̀rọ̀. "Ìyá, ṣé kì í ṣe bó ṣe bàjẹ́ ló fẹ́ rí?"

"Bí ìyá ọkọ rẹ bá fẹ́ wá wo bí ara rẹ ṣe rí," Ìyá Àgbà ní, "ìhòòhò lo máa jókòó dè é?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá náà rẹ́rìn-ín.

A wa amọ̀ pupa, a pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù. A fi ìhá ẹyìn dí gbogbo ihò. Marcelline, tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní òun ò lè fi aṣọ àdúrà tẹ amọ̀. Wọ́n ní kó bọ́ ọ. Ó ní Ọlọ́run ń wò. Ìyá Àgbà ní, "Ọlọ́run ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ amọ̀." Nígbà tó yá, orin ìjọ rẹ̀ àti orin tiwa dàpọ̀, ẹsẹ̀ gbogbo wa sì ń tẹ amọ̀ pọ̀ sí i:

*Ògiri ń yán hànhàn, amọ̀ ni yóò jẹ.*
*Amọ̀ ń yán hànhàn, omi ni yóò mu.*
*Obìnrin ń yán hànhàn, ilé ni yóò kó sí.*

Ìhá tí a rọ sínú ògiri ẹ̀yìn ilé Sẹ̀gilọlá tó ẹrù tí obìnrin kan ò lè dá gbé. A yọ igi tó fi tì í, torí Ìyá Àgbà ní igi yẹn ń bu ẹwà ilé kù. A fi amọ̀ bò ó, a fi ọmọ ìka ya ìlà sí i lára, ìlà tó ń yí bí ìkarahun ìgbín. Lẹ́yìn ìyẹn la wá fi omi èèpo irú wọ́n gbogbo rẹ̀, èyí tó máa ń mú ògiri dúdú, kó máa dán bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n fi àdín pa. Nígbà tí a parí, mo jìnnà díẹ̀, mo wo àdúgbò wa. N ò rí i kó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Inú mi dùn débi pé mo jó.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ fọn fèrè. Séverin ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbójú sókè rí àdúgbò, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì pa á dé mọ́.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nílé òkú.

"Àlejò ń bọ̀ kẹ̀."

"Tàǹtí, mo ní ó ń bọ̀ wá wo ilé wa."

"Ṣé kò ní wò ó ni?"

Mùsé Cyprien ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, awò lójú, aṣọ funfun lọ́rùn. Gùn ló ń sọ, Séverin ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó kí àwọn àgbà dáadáa, ó tẹrí ba. Ó dé ilé Ìyá Àgbà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀.

"Kí ló wí?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ó ní ó dára."

"Sọ fún un pé ẹ̀yìn rẹ̀ tún dára jù báyìí lọ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Séverin ní, òógùn sì ti bò ó, "ẹ má wí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá fi lè dára lójú rẹ̀, a ti kú."

Ọkùnrin náà wo ilé mi, ó wo ti Marcelline. Ó dé ti Sẹ̀gilọlá, ó tilẹ̀ fi ìka tọ ìlà ìgbín yẹn lọ títí ó fi dé àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Séverin. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Séverin, o wá sí bírò wa títí o fi sú gbogbo wa. O ní àwọn ìyá rẹ ń sùn sínú ihò. Ṣé ihò nìyí? Ní Kútọnu gan-an, ilé tó dán báyìí ò pọ̀. Abúlé wà lọ́nà Pobè tí ilé ti wó lé èèyàn lórí. Àwọn ń dúró dè mí."

"Mùsé, amọ̀ àná ni."

"Ṣé amọ̀ àná ló gbé àdúgbò yìí ró láti ọdún wọ̀nyí wá?"

Ó ti ń padà lọ síbi ọkọ̀. Séverin túmọ̀ ohun tó sọ fún wa, ọ̀rọ̀ náà ń há a lẹ́nu. Mo wá orin lẹ́nu mi, n ò rí i.

"Ẹ jẹ́ ká pè é padà," Marcelline ní. "Ẹ jẹ́ ká sọ fún un."

"Ta ni yóò sọ ọ́?" Ìyá Àgbà dáhùn. "Ta ni nínú yín tí yóò lanu sọ fún àlejò pé ilé tí a fi gbà á ń jẹrà? Ẹ fún ọkùnrin náà ní omi kó mu, kó máa lọ."

Sẹ̀gilọlá gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí àwọn yòókù dúró tì mí. Ó wọlé lọ, nígbà tí yóò sì fi jáde, ọkọ́ ló mú dání.

Ilé tí ẹni tó ni ín ti kú láìlárólé nìkan ni wọ́n ń gbé ọkọ́ lé lára nílẹ̀ wa. Alààyè kì í fi ọkọ́ kan ògiri ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò sí mọ́. Ìyá Àgbà lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Sẹ̀gilọlá, o lọ́mọ."

"Torí wọn ni, Ìyá."

"Ilé Fádèyí lo fẹ́ gbé ọkọ́ lé?"

"Fádèyí ò sùn síbẹ̀ mọ́. Àwa là ń sùn síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra, n ò fẹ́ kí amọ̀ ta bá yín."

Wọn ò yẹra. Sẹ̀gilọlá bá ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó sì gbé ọkọ́ náà lé ògiri ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí irin. Amọ̀ tuntun ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ó tún gbé e. Ìhá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára ògiri bí ìfun ẹran. Ó pe ọkùnrin náà. Gùn kò fi bẹ́ẹ̀ yé e, àmọ́ "wá" kan náà ni ní èdè méjèèjì. "Mùsé, wá. Wá." Mùsé Cyprien yíjú padà. Ó rí obìnrin kan tó ki apá bọ inú ògiri ilé rẹ̀ títí dé èjìká.

Ó padà wá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sí i. Ó ki apá tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Nígbà náà ni ọkọ̀ ojú irin, tí ń dúró dè é, mí hẹ̀ẹ̀, tó sì sún díẹ̀ lórí irin. Ilẹ̀ gbọ̀n. Ẹ rántí pé a ti yọ igi kúrò.

Séverin fa ọkùnrin náà lápá, Sẹ̀gilọlá fò sẹ́yìn, ògiri náà sì wó pẹ̀rẹ̀. Òrùlé tẹ̀ lé e. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, aṣọ funfun Mùsé Cyprien ti pupa, àwọn ọmọ Sẹ̀gilọlá ń sunkún mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ilé wọn sì ti di òkìtì.

Láti ìgbà yẹn, ọkùnrin náà kò gba ohun tí ojú rẹ̀ rí gbọ́ mọ́. Ó mú igi, ó ń fi ha ògiri láti ilé dé ilé, ó ń fa ìhá yọ, ó ń mi orí. Ó ní kò sí èèyàn tó yẹ kó sun inú wọn mọ́, pé Àgọ́ Ojú-Irin yóò gba ilé. Séverin túmọ̀ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí òkìtì.

"Èyí ńkọ́, Mùsé?"

Mùsé Cyprien kò lè wo Sẹ̀gilọlá lójú. "Ilé tó dúró, tí kò ṣeé gbé, ni òfin wí. Èyí ò dúró."

"Ó dúró kí ẹ tó kàn án."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tí yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi, kí ni yóò bá níbí? Yóò ní mo purọ́ pé mo rí ilé níbi tí kò sí. Wọn yóò fagi lé gbogbo yín." Ó bu omi mu, ó wọ ọkọ̀, ó lọ sí Pobè.

Àwọn èèyàn kọ̀mándà kò dúró de ilé tuntun náà kí wọ́n tó wó ti àtijọ́. Wọ́n wó wọn. Abẹ́ àtíbàbà ìdíkọ̀ la kó sí, láàárín àpò ẹkùrọ́, tí kòkòrò ẹkùrọ́ ń rìn lórí wa. Òjò dé. Ọmọ Sẹ̀gilọlá tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ìkọ́ tó máa ń fà á láyà bí ẹní ń fa okùn kànga. Mo ń kọrin fún un. Orin ò wo ìkọ́. Séverin tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nítorí Sẹ̀gilọlá, láti Sakété dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, wọ́n sì ní ẹni tí kò ní ilé tó bàjẹ́ kò ní ohun tí àwọn fẹ́ pààrọ̀ fún un. Ìyá Àgbà kò bá Sẹ̀gilọlá sọ̀rọ̀. Bó bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọn á máa wo ojú irin.

Sẹ̀gilọlá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà kan péré ló sọ ọ́ fún mi, níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. "Tóyìn, bí gbogbo yín bá ti lọ, ṣé wọn yóò jẹ́ kí n máa sùn síbí?" Mo ní kó fọwọ́ lé àyà ọmọ náà dáadáa.

Wọ́n kó wa lọ sí ọ̀nà Takon lọ́jọ́ òjò. Àwọn ilé náà kéré, páànù wọn ń hó lábẹ́ òjò bí ẹni ń yan àgbàdo. Sẹ̀gilọlá tẹ̀ lé wa torí kò sí ibòmíràn tó lè dúró sí. Akọ̀wé kọ̀mándà dúró lábẹ́ agbòjò, ó ń pe orúkọ. Ẹni tó bá dáhùn, yóò bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀. Ó pe èmi, mo dáhùn. Ó pe Marcelline, ó dáhùn.

"Èjìdé."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ìyá Àgbà ń wo òjò.

"Èjìdé. Ìyá, ẹ̀yin kọ́ ni?"

"Èjìdé ti kú," Ìyá Àgbà ní.

Akọ̀wé wò wọ́n. "Nígbà wo?"

"Nígbà tí wọ́n wó ilé rẹ̀. Àyà rẹ̀ ló já."

"Ìyá, èmi yìí jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí."

"Ọlọ́run yóò san án fún ẹni tó fún ọ."

Marcelline ti fi aṣọ bo ẹnu. Akọ̀wé nu omi òjò kúrò lójú. "Ta wá ni ẹ̀yin?"

"Àbúrò rẹ̀. Ojú wa jọra."

"Ó ní àrólé?"

"Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Sẹ̀gilọlá. Òun ló dúró sínú òjò bí òpó yẹn."

Séverin sún mọ́ wọn, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ìyá, ìjọba kì í jí òkú dìde. Bí ẹ bá kú lọ́wọ́ wọn lónìí, ẹ ò ní ilé mọ́, ẹ ò ní oògùn ní ilé ìwòsàn wọn, ẹ ò lè bẹ̀ wọ́n fún ohunkóhun títí ayé."

"Séverin, o ti sọ̀rọ̀ tó fún ọdún yìí. Sinmi."

Sẹ̀gilọlá ò kúrò lójú kan. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń mi orí pé rárá, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, ọmọ ń húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ ọ̀já. Akọ̀wé ní, "Ṣé àrólé Èjìdé wà níbí, àbí kò sí?" Ó ti fẹ́ pe orúkọ tó kàn.

Ìyá Àgbà rìn lọ bá Sẹ̀gilọlá, wọ́n fi èékánná já a lápá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a sọ láti ọjọ́ tó ti gbé ọkọ́.

"Dáhùn, ọmọ yìí," wọ́n ní. "Kí n má baà kú lásán."

Sẹ̀gilọlá dáhùn.